Ẹ Yé Fi Ẹ̀kọ Ilé Ṣe Yẹ̀yẹ́

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́, ní Pọ́bẹ̀, ní Àjàṣẹ́, àti ẹ̀yin tí iṣẹ́ gbé lọ sí Kútọnu, ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ mímu la fẹ́ sọ, a ò sì ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

Ìjà tí à ń bára wa jà lórí ẹ̀kọ ti ń sú wa. Ará Kétu á ní ògì tí wọ́n fi aṣọ sẹ́ títí tó fi kúnná ni ògì, pé aklui tí wọ́n ń mu ní Àjàṣẹ́, tó ní kóró wẹ́wẹ́ nínú, oúnjẹ Ègùn ni. Ará Àjàṣẹ́ náà á dáhùn pé èyí tó kúnná yẹn ń yọ́ lọ lọ́nà ọ̀fun ni, kí lèèyàn fẹ́ jẹ níbẹ̀? Ará Sábẹ̀ẹ́ á dìde, á ní ẹni tí kò bá tíì mu ẹ̀kọ ọkà bàbà kò tíì mu ẹ̀kọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni aklui ti wá? Ògì náà ni. Wọ́n fún omi ara rẹ̀ dànù, wọ́n fi ọwọ́ yí i títí ó fi di kóró, wọ́n dà á sínú omi tó ń hó. Bí Ègùn bá ń mu ún, kí ló burú? Ṣebí àwọn la jọ ń gbé, tá a jọ ń fẹ́ ọmọ ara wa. Kí oníkóró máa mu kóró, kí oníkíkúnná máa mu kíkúnná.

Ohun tó dùn wá ni ìyá ọmọ tó ń tijú ògì. Ọ̀kan wà lágbo ilé wa níbí. Nígbà tó bímọ, ó ní ọmọ òun ò ní mu ẹ̀kọ, pé ti inú agolo lòun máa fún un, èyí tí wọ́n ya ọmọ olójú rébété sí lára. Agolo kìíní lọ dáadáa. Nígbà tó di ìkejì, owó bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ibi tó yẹ kó bu ṣíbí mẹ́ta sí, ó ń bu ẹyọ kan, ó sì ń fi omi kún un kó lè pẹ́ nílé. Omi funfun lọmọ yẹn ń mu! Àgbàdo sì wà nínú àká bàbá ọkọ rẹ̀ nígbà náà. Ta ló kọ́ ọ pé ìtìjú ni kéèyàn rẹ àgbàdo?

Ṣùgbọ́n a ò ní torí pé a fẹ́ràn ògì ká wá parọ́ fún un. Ẹ wo bá a ṣe ń ṣe é: a ó rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, a ó ṣàn án, a ó gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, a ó sẹ́ ẹ. Níbi sísẹ́ yẹn ni èèpo àti ojú àgbàdo ti ń bá eèrí lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀rá àti apá kan nínú ohun tó ń mú ara dàgbà wà. Ewúrẹ́ ń jẹ èyí tó dára, ọmọ ń mu èyí tó funfun. A ó wá bomi sí i títí ó fi ṣàn bí omi òjò, a ó da ṣúgà lé e. Ọmọ á yó, kò ní tóbi. Ẹ̀kọ ọmọ gbọ́dọ̀ ki débi pé á dì mọ́ ṣíbí. Ẹ yan sóyà, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ pò ó mọ́ ọn. Tí kò bá sí sóyà, ẹ lọ ẹ̀pà sí i (lílọ̀ o, ẹ má fún ọmọdé ní hóró ẹ̀pà, ó lè há a lọ́fun). Ẹja gbígbẹ tí a gún náà dára.

Ẹ̀yin ìyá wa àgbà, ẹ má bínú sí wa lórí èyí: ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ọmú ìyá nìkan ló tó o. Àjọ Ìlera Àgbáyé, OMS, sọ ọ́, àwọn agbẹ̀bí wa náà ń sọ ọ́. Kí a tẹ́ ọmọ sórí itan, kí a dí i nímú, kí a máa fi àtẹ́lẹwọ́ rọ ọ́ lẹ́kọ, ẹ̀kọ lè gba ibi èémí lọ. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sílẹ̀.

Àgbàlagbà ò ní wàhálà. Kó fi àkàrà mu ún, kó fi ọ̀lẹ̀lẹ̀ mu ún, kó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i.

A mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ: àyè ò sí. Àyè wo? Omi ló ń bá wa rẹ àgbàdo, ẹ̀rọ ló ń bá wa lọ̀ ọ́. Iṣẹ́ tó kù fún wa ni sísẹ́, ìyẹn náà ò sì kan ẹlẹ́kọ àárọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà yín, tó ti jí sẹ́ tirẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ ra ògì tútù lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ lọ po sóyà tiyín mọ́ ọn nílé.