Irun Àwọn Ọmọbìnrin Wa àti Ẹ̀rọ Tí Ń Mú Un Gbẹ

Ẹ̀yin ọba alayé, ẹ̀yin ìjòyè, àti gbogbo ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ń ka ìwé ìròhìn wa yìí lóṣooṣù, mo mọ̀ pé ẹnu yóò ya púpọ̀ nínú yín nígbà tí ẹ bá rí i pé àlùfáà tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí irun orí òun fúnra rẹ̀ sì ti ń dágbére fún un díẹ̀díẹ̀, ni ó mú kálàmù láti kọ̀wé lórí irun obìnrin. Mo tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ní iṣẹ́ olùkọ́, tí ó sì ń so tọkọtaya pọ̀ ní ilé Ọlọ́run, kò lè ṣàì rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lórí wọn. Bí mo bá dúró níwájú pátákó tàbí níwájú pẹpẹ, orí ni mo máa ń kọ́kọ́ rí.

Ní ìgbà ọyẹ́ tí ó kọjá, ọmọ àbúrò mi kan fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní Òtu níhìn-ín. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, ó lọ sọ́dọ̀ onídìrí kan. Wọ́n fọ orí rẹ̀ tán. Omi ṣì ń kán sí i léjìká nígbà tí wọ́n da òróró lé irun náà, tí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná tí à ń pè ní dráyà tì í tímọ́tímọ́, pẹ̀lú òòyà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí ó wà nídìí ẹ̀rọ ń yára, nítorí àwọn mẹ́ta mìíràn ń dúró, epo inú jẹnẹrétọ̀ sì ti ń tán lọ. Nígbà tí ìyàwó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ó ń jó mi,” èsì tí ó gbà ni pé, “Ẹ fara dà á, àǹtí, bí kò bá gbóná, kò lè nà.”

Ó nà lóòótọ́. Ní ọjọ́ kejì irun náà ń dán, gbogbo ènìyàn sì yìn ín. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí irun àárín orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí koríko inú ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá rẹ̀ tọ̀ mí wá pẹ̀lú omijé. Kò dárúkọ onídìrí, kò dárúkọ ẹ̀rọ. Ohun tí ó sọ ni pé àwọn ayé ti fọwọ́ ba ọmọ òun lórí, ó sì ti mọ ẹni tí ó ṣe é: ìyá ọkọ, tí ó fi ọwọ́ pa ọmọ náà lórí ní ọjọ́ ìgbéyàwó nígbà tí ó ń súre fún un.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ báyìí máa ń yọrí sí ní ìlú. Mo ní kí wọ́n mú ọmọ náà wá. Mo bi í léèrè ohun tí wọ́n ṣe sí irun rẹ̀, ó sì ròyìn rẹ̀ fún mi ní kíkún. Ó gbà mí ní ọ̀sán kan gbáko kí n tó lè yí ìyá rẹ̀ lọ́kàn padà pé ọwọ́ tí ó súre kọ́ ni ó ba irun jẹ́. Nítorí ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Nígbà tí mo sọ ìtàn náà fún díẹ̀ nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa, wọ́n ní kí a kúkú bẹ àwọn ìjòyè kí wọ́n fi òfin lé ẹ̀rọ náà jáde kúrò láàrin ìlú, nítorí ohun àjèjì ni. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n èmi kò gbà pẹ̀lú wọn. Àjèjì ni bébà tí a tẹ ọ̀rọ̀ yìí sí pẹ̀lú. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni bóyá ọwọ́ tí ó mú ẹ̀rọ náà mọ iṣẹ́.

Irun tí ó ti yọ jáde kúrò nínú awọ orí kò ní ẹ̀mí mọ́. Bí ọgbẹ́ bá dá wa lára, ara a máa wo ara rẹ̀ sàn. Bí irun bá bàjẹ́, kò sí oògùn tí ó lè sọ ọ́ di odindi padà, àfi kí òmíràn hù. Òmíràn náà kì í sì í yára, nítorí ìwọ̀n bí sẹ̀ǹtímítà kan ni irun ń gùn lóṣù, tiwa tilẹ̀ máa ń dín díẹ̀. Ìpẹ́ tín-ín-rín ni ó bo ara fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kan gorí èkejì láti ìdí dé ṣóńṣó, bí àwọn baba wa ti ń fi koríko bẹẹrẹ bo òrùlé. Ẹni tí ó bá ti bo ilé rí mọ̀ pé ìjì tí ó fẹ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ kò lè ṣí koríko náà, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ti ìsàlẹ̀ gbọn ọ́n sókè yóò tú u. Bákan náà ni ti irun. Láti ìdí lọ sí ṣóńṣó ni ó yẹ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́.

Nígbà tí irun bá mu omi, ó ń wú, ìpẹ́ rẹ̀ ń là, agbára rẹ̀ sì ń dín kù. Ooru tí irun gbígbẹ lè fara dà lè pa irun tútù. Bí ooru líle bá kan omi tí ó wà nínú fọ́nrán náà lójijì, omi ọ̀hún a di ooru inú ìkòkò, a sì dá ihò wẹ́wẹ́ sí inú irun bí ihò inú búrẹ́dì. Ibi tí ihò náà bá wà ni irun yóò ti ṣẹ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ àbúrò mi nìyẹn, bí mo ti rò ó.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ya èmi pàápàá lẹ́nu. Ní ọdún 2011, àwọn oníṣègùn ará Kòríà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fọ irun, wọ́n sì mú un gbẹ, títí ó fi di ìgbà 30. Wọ́n gbé ẹ̀rọ jìnnà sí irun kan ní sẹ̀ǹtímítà 15, níbi tí ooru ti jẹ́ 47°C. Sí òmíràn ní sẹ̀ǹtímítà 10, tí ó jẹ́ 61°C. Sí òmíràn ní sẹ̀ǹtímítà 5, tí ó jẹ́ 95°C. Wọ́n sì fi òmíràn sílẹ̀ kí ó gbẹ fúnra rẹ̀. Bí ooru ti ń pọ̀ sí i ni ara irun ń bàjẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n irun tí wọ́n fi sílẹ̀, tí ó pẹ́ nínú omi, ni ohun tí ó so inú rẹ̀ pọ̀ bàjẹ́. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí a gbé ẹ̀rọ jìnnà ní sẹ̀ǹtímítà 15, kí a sì máa gbé e kiri láìdúró. Wọ́n ní ó sàn ju kí a fi irun sílẹ̀ nínú omi lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó ní kí a lé dráyà jáde pátápátá kò ní ẹ̀rí tó.

Ṣùgbọ́n kí àwọn onídìrí wa má tí ì yọ̀. Irun àwọn ará Kòríà nà tọ̀ọ̀. Tiwa ká kó, ibi tí ó bá sì ti ká ni kò lágbára. Ẹni tí ó ń fi òòyà fa irun tí ó ká, tí ó tutù, tí ooru sì ń jó lẹ́ẹ̀kan náà, ohun mẹ́ta ni ó ń ṣe sí i tí ọ̀kan ṣoṣo ti tó láti ṣẹ́ ẹ. Kí a kọ́kọ́ fi aṣọ fún omi rẹ̀ láìfi ṣe gìrìgìrì. Kí a pín in sí ọ̀nà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a sì tú u láti ṣóńṣó wá sí ìdí. Kí a dúró títí yóò fi gbẹ ju ààbọ̀ lọ kí ẹ̀rọ tó kàn án. Ní Òkè-Ògùn wa yìí, nígbà ọyẹ́, dídúró náà kì í pẹ́ rárá, nítorí atẹ́gùn tí ń la ètè wa náà ni ó ń gbẹ irun. Èmi kò mọ ìdí tí a fi ń lo ooru tí ó ga jù lọ ní oṣù tí a kò nílò rẹ̀ rárá. Ìgbà òjò ni ẹ̀rọ náà wúlò jù.

Kí ẹ̀rọ jìnnà sí irun tó nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́ kan, láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka. Kí ooru rẹ̀ mọ níwọ̀n. Kí onídìrí kọ́kọ́ fẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ tirẹ̀ kò bá gbà, orí oníbàárà kò gbọdọ̀ gbà á. Òróró púpọ̀ kì í ṣe ààbò. Òrí díẹ̀ lẹ́yìn tí irun ti gbẹ tó, a kò sì ní láti wá a jìnnà níbi tí igi emi hù sí yí wa ká. Mo tún kíyè sí i pé eruku ọyẹ́ máa ń dí ẹnu ihò tí ẹ̀rọ fi ń fa afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, ẹ̀rọ tí kò bá sì rí èémí fà a máa gbóná kọjá ààlà. Kí wọ́n máa nù ún.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí ó ń dùn mí jù nìyí. Kí ni a ń wá nínú gbogbo ooru yìí? A fẹ́ kí irun nà ni. Àwọn ìyá wa sì ti mọ bí a ti ń na irun láìsí iná. Òwú ni wọ́n fi ń ṣe é. Irun kíkó, tí à ń fi òwú dúdú wé láti ìdí dé ṣóńṣó, a máa na irun bí ó ti ń gbẹ. Bí a bá tú u, a ó rí i pé ó ti gùn, ó sì rọ̀. Àwa tí a jẹ́ aládùúgbò Ìṣẹ́yìn, ìlú aṣọ òfì, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún wa ohun tí òwú lè ṣe. (Kì í ṣe pé òwú kò ní ewu tirẹ̀ o: bí a bá fà á le jù, irun iwájú orí a máa pá.) J. D. ’Okhai Ojeikere, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà tí ó kú ní ọdún 2014, bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán irun àwọn obìnrin wa ní ọdún 1968, ó sì ya onírúurú tí ó tó bí 1,000. Ní ọdún 2000 wọ́n pàtẹ àwọn àwòrán rẹ̀ ní Paris, àwọn òyìnbó sì ń sanwó láti wò wọ́n. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá kó irun wọ kíláàsì mi, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa pè é ní ará oko.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí n kò gbọdọ̀ fò. Bí irun bá ń ṣẹ́, ooru tàbí fífà ni a lè kọ́kọ́ fura sí. Ṣùgbọ́n bí àárín orí obìnrin bá ń pá, tí awọ ibẹ̀ ń dán, tí ó sì ń fẹ̀ sí i, ẹ má ṣe dá onídìrí lẹ́bi, ẹ má sì dá ìyá ọkọ lẹ́bi. Ní ọdún 1968 àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà di ẹ̀bi àìsàn náà ru òòyà gbígbóná. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn wọn rí i pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé ó máa ń ti inú ìdílé wá nígbà mìíràn. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ mú un lọ kíákíá, sọ́dọ̀ oníṣègùn awọ ara, nítorí ibi tí ó bá ti pá tán kì í sábà hù mọ́.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo wá bẹ ẹ̀yin ìjòyè kò le. Ẹgbẹ́ àwọn onídìrí wà ní ìlú wa, wọ́n sì ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Ẹ pè wọ́n, kí ẹ bá wọn sọ ọ́ pé kí ọmọ iṣẹ́ kankan má ṣe gba fíríídọ̀mù mọ́ títí yóò fi jókòó níwájú àwọn ọ̀gá mẹ́ta, kí ó fi dráyà gbẹ irun ẹnìkan lójú wọn, kí ó sì fi òwú kó irun ẹlòmíràn. Ní tèmi, mo ti bẹ ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa, ó sì ti gbà láti máa wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní irun kíkó. Kò gba owó. Òwú àti ìlarun onígi nìkan ni ó béèrè, ó sì ní kí àwọn onídìrí tí ó bá fẹ́ fi ọmọ iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ máa rán wọn wá. Ọmọ àbúrò mi wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ jókòó síwájú rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó sìn ín wá.