Ìrìn Kan, Ohun Mẹ́ta

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé àwọn tí ọmọ wọn kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ilé ìkàwé. Ọmọ ti jáde ilé ẹ̀kọ́, kò tíì rí iṣẹ́, ó wá ń tọrọ owó ọkọ̀ àti owó òtẹ́ẹ̀lì láti lọ sí àpérò ẹgbẹ́ wọn. Ìyá fẹ́ fún un. Baba ní, "Ẹni tí kò níṣẹ́, ìpàdé kí ni ó ń lọ? Fàájì ló fẹ́ lọ ṣe."

Ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò. Nigerian Library Association kì í ṣe ẹgbẹ́ àríyá. Ọdún 1962 ni wọ́n dá a sílẹ̀, àpérò wọn a sì máa lọ láti ìlú kan sí òmíràn. Ní ọdún 1995 ni òfin tún dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ náà sínú ìwé. Nínú irú àpérò bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ilé ìkàwé yunifásítì àti ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàwé ẹ̀rí a máa jókòó sínú gbọ̀ngàn kan náà. Níbo ni ọmọ tí kò mọ ẹnikẹ́ni yóò tún ti rí wọn? Rúùtù kò jókòó sílé de Bóásì. Oko ni ó lọ pèéṣẹ́ ọkà, ẹnu iṣẹ́ ni ojú rere ti bá a.

Ṣùgbọ́n ìwọ ọmọ, má ṣe fi lẹ́tà ìwáṣẹ́ ká àgbà mọ́ ìdí oúnjẹ. Jókòó títí wọn yóò fi parí, kọ ohun tí o gbọ́ sílẹ̀, bi ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ní ìbéèrè tí ó mọ́gbọ́n dání. Bí o bá délé, kọ̀wé kí i, kí o wá sọ pé o ń wá iṣẹ́.

Ìgbafẹ́ ńkọ́? Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bí ó bá dúró sí àyè rẹ̀. Bí àpérò bá bọ́ sí Abẹ́òkúta, ta ni kò ní fẹ́ gun Olúmọ, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní nǹkan bí ọdún 1830? Ìlú yẹn náà ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn lédè Yorùbá ní ọdún 1859. Bí ó bá sì jẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde níbí ni àlejò wá, kí ó wo Erédò Súngbọ́, odi àti yàrà tí ó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, tí àwọn baba ńlá wa fi ọwọ́ gbẹ́. Olùtọ́jú ìwé tí ó bá rí nǹkan wọ̀nyí yóò mọ ohun tí òun ń tọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìpàdé ni, kì í ṣe àárín ìpàdé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù nìyí: owó ta ni? Ìwọ tí ọ̀gá rẹ san owó ọkọ̀ àti òtẹ́ẹ̀lì fún, tí o sá kúrò ní gbọ̀ngàn lọ gun òkè, tí o sì kọ ọ́ sínú ìṣirò owó bí ẹni pé ìpàdé ni, olè ni ìyẹn. Kò burú kí o wá iṣẹ́ tí ó sàn jù, ṣùgbọ́n owó ara rẹ ni kí o fi ṣe ọjọ́ tí o bá fi kún un, kí o sì jíṣẹ́ ohun tí o gbọ́ fún ẹni tí ó rán ọ. Bákan náà ni ọmọ tí òbí rán: kí o tó lọ, sọ fún wọn pé ohun mẹ́ta ni o ń bá lọ.

Ẹ̀yin baba, bí ọmọ bá dé láìmú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ dání, ẹ má bínú. Ẹ bi í pé, "Kí ni o kọ́? Ta ni o mọ̀?" Bí ó bá rí ìdáhùn sí méjèèjì, owó yín kò ṣòfò. Olúwa yóò ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọ wa. Àmín.