Sàráà Ìmọ̀ Kò Gbọdọ̀ Bá Ìsinmi Parí

Gbogbo ọpẹ́ ti Allah ni, Ọba Olùfúnni-ní-ìmọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad (SAW), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀.

Ní ọdún 2005 ni ilé-iṣẹ́ Google dá ètò Summer of Code sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà a máa fi oṣù ìsinmi rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún àwọn ẹgbẹ́ tí kì í fi ìmọ̀ wọn pamọ́, Google a sì san owó fún un. Ní ọdún àkọ́kọ́ náà, 4,500 dọ́là ni ti ẹni tí ó bá ṣe é yọrí. Láti ọdún 2022, àwọn tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá lè wọ inú rẹ̀. Lára àwọn ẹgbẹ́ tí ó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni FreeBSD, ètò ìpìlẹ̀ tí ń darí kọ̀ǹpútà, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó yẹ inú rẹ̀ wò, kí ó sì tún un ṣe.

Ìlànà iṣẹ́ wọn yẹ fún àkíyèsí Mùsùlùmí. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í dá nìkan ṣiṣẹ́. Àgbà nínú iṣẹ́ náà ni yóò máa yẹ ohun tí ó kọ wò, tí yóò sì dá èyí tí kò dára padà fún un láti tún kọ. Bí iṣẹ́ náà bá wọlé, a ó kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é àti ti ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò tì í. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọmọ kéú ṣe ń ka wàláà níwájú àáfà. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn onímọ̀ hàdíìsì ṣe ń to orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ gba ọ̀dọ̀ wọn wá lẹ́sẹẹsẹ, kí irọ́ má baà wọ inú ẹ̀sìn.

Àwọn kan yóò béèrè pé èrè wo ni ó wà nínú iṣẹ́ tí gbogbo ayé yóò máa lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ànábì (SAW) ti kọ́ ìjọ rẹ̀ pé ìmọ̀ tí ń ṣe ènìyàn láǹfààní wà lára ohun tí ládà rẹ̀ kì í dúró lẹ́yìn ikú. Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991 nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki, ni ìpìlẹ̀ Android tí ó wà nínú àìmọye fóònù ní Ìbàdàn àti Ìlọrin lónìí. Ó ṣeni láàánú pé fóònù kan náà ni àwọn ọmọ kan fi ń lu jìbìtì, tí àwọn òbí mìíràn sì ń bá wọn jẹ owó náà láìbéèrè orísun rẹ̀.

Síbẹ̀, ewu kan wà. Gbígba owó iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n bí owó bá jẹ́ gbogbo aníyàn, ọjọ́ tí owó bá tán ni iṣẹ́ ń kú. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ tí ó sì pa tì a máa di ẹrù lọ́rùn àwọn tí ó kù. Ẹ̀sìn Islam sì kọ́ni pé iṣẹ́ kékeré tí a kò dá dúró sàn ju ńlá tí a fi sílẹ̀ lọ.

Nítorí náà, kí mọ́sálásí tí ń ṣètò ẹ̀kọ́ ìsinmi ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí, kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n jókòó ti àwọn tí ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá sì wọlé, kí a má ti yàrá náà pa.

Kí Allah sọ ìmọ̀ àwọn ọmọ Mùsùlùmí di sàráà tí kò ní dáwọ́ dúró. Àmín.