Oúnjẹ Ojú Ọ̀nà: Halal Nìkan Kò Tó

Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lójú ọ̀nà wa. Àwọn ọmọ Ìyàrá tó wà l'Ékòó á gba Ọ̀rẹ̀, Ọ̀wọ̀ àti Ìkàrẹ́ wálé. Àwọn ti Àbújá á gba Lọ́kọ́jà, Obajana àti Kàbà. Kò sí ìlú kan nínú wọn tí ènìyàn ò ti ní rí nǹkan fi sẹ́nu. Ẹja odò Ọya ń bẹ ní Lọ́kọ́jà, iyán ń bẹ ní Kàbà, ẹran ìgbẹ́ ń rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní ìhà Ọ̀rẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn oúnjẹ ìrìn-àjò, n kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó fi ebi rìn. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ ọdún, àwọn tó ń wá ra oògùn inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru lọ́wọ́ mi máa ń pọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń sọ pé ojú ọ̀nà ni àwọn ti jẹun.

Mùsùlùmí tó bá wọ búkà, ìbéèrè kan ló sábà máa ń bèèrè: "Ta ló pa ẹran yìí?" Ìbéèrè tó yẹ ni, pàápàá bó bá jẹ́ ẹran tí pàkúté ti pa kí ọdẹ tó dé ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Suratul-Baqarah, aaya 168, méjì ni Ọlọ́hun so pọ̀: halal àti tayyib, ohun tó tọ́ àti ohun tó dára. Ìdajì la dì mú.

Ẹ wo Mùsùlùmí tó lọ sí Jàpáànù. Ní Tokyo tàbí Osaka, halal ni wàhálà rẹ̀: egungun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń se omi ọbẹ̀ ọ̀pọ̀ ràménì, wọ́n sì máa ń fi ọtí ìrẹsì sínú ọbẹ̀ mìíràn, ojú lásán kò lè rí i. Àmọ́ kó tó mú igi méjì tí wọ́n fi ń jẹun, wọ́n á ti gbé aṣọ ìnuwọ́ tó lómi fún un. Tiwa ni òdì kejì. A lè fi èdè wa bi olóúnjẹ nípa ẹran rẹ̀; ọwọ́ mímọ́ ló ṣòro.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé àlùwàlá ti parí ọ̀rọ̀ ọwọ́. Ìmọ́tótó ìjọsìn ni àlùwàlá. Omi nìkan kì í ká ọ̀rá àti kòkòrò àrùn tó há sábẹ́ èékánná. Ẹ wo búta tó wà ní mọ́sálásí gáréèjì: ẹni tó ti ilé ìgbẹ́ bọ̀ dì í mú, ẹni tó ń lọ jẹun náà dì í mú. Mọ́sálásí tó bá lè ra búta lè ra ọṣẹ. Mo ti ń sọ èyí fún àwọn ìgbìmọ̀ mọ́sálásí, n kò sì ní dákẹ́. Ọṣẹ àti omi, fún ìṣẹ́jú-àáyá 20, kí ọwọ́ tó kan òkèlè.

Ìbéèrè kejì tó yẹ ká bi olóúnjẹ ni: "Ìgbà wo lẹ sè é?" Ìrẹsì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Bacillus cereus tí híhó omi kì í pa tán. Bí ìrẹsì bá wà ní lílọ́wọ́ọ́rọ́ nínú kúlà fún wákàtí púpọ̀, kòkòrò yìí á pọ̀ sí i, á sì tu májèlé sínú rẹ̀. Bí wọ́n tún gbé e kaná, májèlé náà kò ní kúrò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí oúnjẹ sísè má ṣe wà nílẹ̀ láìsí iná tàbí fíríìjì ju wákàtí 2 lọ. Nítorí náà, àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo, iṣu sísun, bọ̀ọ̀lì gbígbóná, ẹyin sísè tí ẹ fúnra yín bó, wọ́n sàn ju àwo ìrẹsì ńlá lọ.

Gàárì ńkọ́? Eku ló ń tan ibà Lassa kálẹ̀, ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Ẹdó sì wà lára ibi tó ti ń jà jù. Gàárì tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí ẹ ń fi omi tútù mu, kò tún kan iná mọ́. Ẹ di tiyín láti ilé, nínú ike tó ní ìdérí.

Bí inú bá wá bàjẹ́, ẹ má ra Flagyl lọ́wọ́ ẹni tó ń polówó oògùn nínú ọkọ̀. Kì í pa fáírọ́ọ̀sì, kì í sì wo kọ́lẹ́rà. Omi àti iyọ̀ tó ń jáde lára ló ń pani. Ẹ po ORS. Bí kò bá sí, lítà omi mímọ́ 1, ṣíbí tíì ṣúgà 6 àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, kí ṣíbí má ga. Ọmọ tó ti ju oṣù 6 lọ á tún lo zinc mílígíráàmù 20 lójúmọ́, fún ọjọ́ 10 sí 14. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí ìgbẹ́ dà bí omi ìrẹsì, tàbí ojú ọmọ jìn, tí kò tọ̀ mọ́, ẹ má ní ẹ ó dé Ìyàrá kẹ́ ẹ tó wá ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn tó bá súnmọ́ yín jù, ní Ọ̀wọ̀, ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Lọ́kọ́jà, ibẹ̀ ni kí ọkọ̀ yà sí.