Oúnjẹ Ìlú Port Harcourt àti Ìlera Ọpọlọ

Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ èrò nílùú Port Harcourt, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ohùn ẹni tí ń polówó kápúsù tí wọ́n ní ó ń jí ọpọlọ, tí kì í sì í jẹ́ kí arúgbó ṣarán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi owó ọbẹ̀ ra irú rẹ̀. Lérò tiwa, òfò ni. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2019, àjọ náà kò fọwọ́ sí lílo àwọn fítámínì B, fítámínì E tàbí kápúsù epo ẹja láti dènà àrùn ìgbàgbé. Oúnjẹ gan-an, èyí tí ẹ̀fọ́, èso, ẹ̀wà àti ẹja pọ̀ nínú rẹ̀, ni ó fi ṣe ìmọ̀ràn.

Àrùn ẹ̀gbà, tí àwọn dókítà ń pè ní stroke, ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bẹ̀rù, nítorí inú ọpọlọ ni ó ti ń ṣọṣẹ́ kí apá àti ẹsẹ̀ tó rọ. Lọ́dún 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n fi ènìyàn 2,118 tí àrùn náà kọlù ní Nàìjíríà àti Ghana wé iye kan náà tí kò kọlù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ṣíwájú nínú ohun tí wọ́n rí. Ṣùgbọ́n ẹran jíjẹ lemọ́lemọ́, àìjẹ ẹ̀fọ́ tó, àti bíbu iyọ̀ sí oúnjẹ tí a ti sè tán wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìwádìí mìíràn ti ṣáájú èyí. Lọ́dún 1992 ni olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayode Osuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn àgbà ẹni ọdún 65 sókè ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, tí wọ́n sì ń fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Èsì tí ó jáde lọ́dún 2001 fi hàn pé, lọ́dọọdún, ìdá 1.35 nínú 100 ni àrùn ìgbàgbé ń mú ní Ìbàdàn, nígbà tí ti Indianapolis jẹ́ 3.24. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé oúnjẹ nìkan ni ó fà á, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kéré láàárín àwọn ará Ìdíkàn ju ti àwọn ará Indianapolis lọ.

Kí ni èyí wá kan ará Port Harcourt? Etí omi ni ìlú náà wà. Ẹja, edé àti ìṣáwùrú kò ṣàjèjì sí ọbẹ̀ wọn, úgú sì ń bẹ lọ́jà. Bọ̀ọ̀lì àti ẹja yíyan, tí a fi ń mọ ìlú náà káàkiri, kì í ṣe oúnjẹ burúkú rárá. Ẹja títọ́ọ̀sì tí wọ́n ń yan níbẹ̀ ní irú ọ̀rá tí ọpọlọ ń lò. Iyọ̀ àti mágì inú ata elépo tí wọ́n ń bù lé e, àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a fi ń sìn ín, ni ó ń kọ wá lóminú. Iyọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi àyè gbà fún àgbàlagbà lóòjọ́ kò tó gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bí ṣíbí ìpotíì kan péré, iyọ̀ inú mágì sì wà nínú ìṣirò náà.

Ẹja ti wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdì úgú kan kò lè wọ́n tó ìgò kápúsù. Ẹni tí ó bá sì ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ torí ẹ̀fọ́ pa á tì. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ Rivers bá fẹ́ ṣe ìrànlọ́wọ́, kí ó rán àwọn nọ́ọ̀sì lọ sí ọjà Mile One àti ìdí iná àwọn oníbọ̀ọ̀lì, kí ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà lè mọ bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ń ru sí kí wọ́n tó padà sílé.