Ikọ́ Fée àti Fóònù Ọwọ́ Wa

Ọyẹ́ kì í bá ẹni tí ó ní ikọ́ fée ṣeré. Bí eruku bá bo ìlú Benin, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kì í lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn lóru. Oògùn àfàsímú aláwọ̀ búlúù nìkan ni wọ́n gbójú lé. Ọ̀nà èémí ni ìyẹn ń là; kò wo wíwú tí ó wà nínú rẹ̀. Láti 2019 ni àwọn onímọ̀ àgbáyé ti ń kìlọ̀ pé kí àgbàlagbà má ṣe lo òun nìkan.

Ìdánwò kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbéèrè márùn-ún péré, máàkì 25. Ẹni tí kò bá kọjá 19, àrùn náà kò tíì sí níkàáwọ́ rẹ̀. Kí ó tètè rí dókítà. Ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ máa túmọ̀ ìbéèrè wọ̀nyí sí Yorùbá ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá, fún àwọn òbí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣùgbọ́n fóònù kò lè ra oògùn. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ GSK ti kéde ní 2023 pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà ni owó oògùn àfàsímú ti gbẹ́nu sókè. Kí ìjọba mú un dé àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ ní iye tí apá mẹ̀kúnnù ká, kí ọyẹ́ mìíràn tó dé.