Olè Ń Sọ Yorùbá, Báńkì Ń Sọ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rín sílẹ̀ ná. Bí wọ́n bá ti lu ẹnìkan ní jìbìtì lórí fóònù, ohun tí mo máa ń gbọ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ni pé "mùgùn ni jàre, ojúkòkòrò ló kó bá a." Irọ́ ni! Ojúkòkòrò wo ló wà lọ́rùn ìyá aláta tí wọ́n pè ní kùtùkùtù pé wọ́n fẹ́ ti àkáǹtì rẹ̀ pa? Ẹ̀rù ni wọ́n fi mú un.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: "Ẹ káàárọ̀ mà, láti báńkì yín ni. BVN yín ti ní ìṣòro. Ẹ má gé fóònù o. Nọ́ńbà kan máa wọlé báyìí, ẹ bá mi kà á." Yorùbá tó dán, "mà" níhìn-ín, "mà" lọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà yẹn gan-an ni kọ́kọ́rọ́. Olè ti ń fa owó lọ́wọ́ ni báńkì ṣe fi í ránṣẹ́. Bí ìyá bá kà á tán, owó ti lọ nìyẹn.

Báńkì ń kìlọ̀ o, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ní ká má sọ PIN tàbí OTP fún ẹnikẹ́ni, títí kan òṣìṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n èdè wo ni wọ́n fi kọ ọ́ sórí fóònù ìyá mi? Gẹ̀ẹ́sì! Láti 2014 ni BVN ti dé, nọ́ńbà 11 tí ìyá mi ń gbé kiri, síbẹ̀ olè nìkan ló jókòó ṣàlàyé ẹ̀ fún un ní èdè tó gbọ́.

Ẹ má sì sọ fún mi pé àìkàwé ló ń fà á. Láàárín 1995 sí 1998, Emmanuel Nwude àtàwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ "ta" pápákọ̀ òfuurufú tí kò sí níbì kankan fún ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá báńkì kan ní Bùràsíìlì. Mílíọ̀nù 242 dọ́là ló bá a lọ! Ọ̀gá báńkì o. Ta ló pè é ní púrúǹtù?

Ewì ìfẹ́ ti pọ̀ tó nínú ìwé wa yìí. Àwa tí à ń ka Yorùbá, ẹ jẹ́ ká wá páálí, ká kọ ọ́ gàdàgbà, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn oní-POS tó wà ní géètì àti nínú ọjà: Ẹ MÁ KA NỌ́ŃBÀ TÓ BÁ WỌ FÓÒNÙ YÍN FÚN ẸNIKẸ́NI. Ẹ GÉ FÓÒNÙ. Ẹ FẸSẸ̀ YÍN RÌN LỌ SÍ BÁŃKÌ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fi ohùn dídùn pe ìyá oníyàá láti yàrá yín, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń ka ìwé yìí. Ẹ wá bá wa lẹ páálí náà. Yorùbá yín kúkú dán ju tiwa lọ.